Pẹ́pẹ́yẹ Ìyá Súnbọ̀

"Ẹni tó rí pẹ́pẹ́yẹ lórí omi ni ká bi." Gbogbo ọmọ Ẹbúté-Àgbọn ló ń pa òwe yìí. Ẹ bi wọ́n níbi tó ti wá, wọn á máa wòkè. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka ìwé yìí ńkọ́, ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀? Àwọn kan ní àwọn ọdẹ ló kọ́kọ́ pa á. Irọ́ ni. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, abẹ́rẹ́ mi gan-an sì wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún.

Nígbà yẹn, ọ̀sà wa ṣì jẹ́ ọ̀sà, wọn ò tíì da yanrìn dí i. Bí ọyẹ́ bá ti dé, àwọn pẹ́pẹ́yẹ odò á ya bo omi, wọn á máa súfèé láṣàálẹ́ bí ọ̀dọ́kùnrin tó ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde. Ha, ayé ti lọ! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ́mù iṣẹ́ aránṣọ ni. Ilé Bàbá Gbàdàmọ́sí ló kángun sí ṣọ́ọ̀bù mi. Iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n sọ òkú ẹyẹ di ohun à-wò-ṣààyè. Wọn á bọ́ awọ rẹ̀ tìyẹ́tìyẹ́, wọn á fi iyọ̀ àti álọ́ọ̀mù pa á, wọn á ki òwú sínú rẹ̀, wọn á fi wáyà gbé e nàró, wọn á wá fi ìlẹ̀kẹ̀ dúdú ṣe ojú fún un. Ọwọ́ mi ni wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán an. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà lókè ìlú ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọkọ Ìyá Súnbọ̀ kú. Apẹja ni. Ó ní pẹ́pẹ́yẹ odò kan tó ń sìn látìgbà òjò. Bó bá súfèé báyìí, ẹyẹ náà á wẹ̀ tọ ọkọ̀ rẹ̀ wá. Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n sin ọkùnrin náà ni ẹyẹ kú. Súnbọ̀ ti lọ sílé ọkọ, ilé wá dákẹ́ rọ́rọ́. Bàbá Súnbọ̀ ò ya fọ́tò kankan rí láyé rẹ̀. Ẹyẹ yẹn nìkan ló kù fún opó náà. Ó fi ìborùn wé e, ó gbé e tọ Bàbá Gbàdàmọ́sí lọ.

Àṣìṣe ọ̀hún rèé. Bàbá a máa so páálí pélébé mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ kọ̀ọ̀kan, wọn á wá lẹ orúkọ ẹni tó ni ín mọ́ ọn. Gọ́ọ̀mù wọ́n lọ́dún yẹn, ni wọ́n bá fi ògì lẹ̀ ẹ́. Ògì kẹ̀! Nínú ilé tí aáyán ti ń jọba! Kí oṣù tó parí, aáyán ti jẹ ògì, ó ti jẹ orúkọ mọ́ ọn. Pẹ́pẹ́yẹ odò méjì ló wà lórí tábìlì, ti Ìyá Súnbọ̀ àti èyí tí àwọn ọdẹ pa fún kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àwọ̀ ilẹ̀ ni méjèèjì, gíga wọn sì dọ́gba.

Ọjọ́ kan náà ni Ìyá Súnbọ̀ àti ọ̀gá Ṣókẹ́yẹ, olùkọ́ kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, wá gba ẹyẹ wọn. Mọ́tò tó fẹ́ gbé ẹyẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ síbi ìpàtẹ ní ìlú ńlá ti ń dúró níta. Èyí tó bá wọnú mọ́tò yẹn, ó lọ nìyẹn, kò ní padà mọ́. Bàbá Gbàdàmọ́sí ò sì mọ èwo ni ti ta mọ́.

Ọ̀gá Ṣókẹ́yẹ ṣí ìwé ẹyẹ rẹ̀. "Màmá, irú èwo ni tiyín?"

"Irú tójú rẹ̀ máa ń funfun ni."

Ó wo àwòrán, ó wo ẹyẹ. "Kò sí olójú funfun níbí o. Irú kan náà ni méjèèjì." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ iṣẹ́ wò. Ti àkọ́kọ́, ìyẹ́ bo ojú ìránṣọ pátápátá, ojú méjèèjì dọ́gba, àyà kún níwọ̀n, ẹsẹ̀ di igi mú dáadáa. Ti èkejì, ọrùn wọ́ sápá òsì.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un ṣe," ni Bàbá wí, wọ́n dorí kodò. "Ó kàn ń padà ni."

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí màmá máa gbé èyí tó rẹwà lọ. Èmi á fara mọ́ ọlọ́rùn wíwọ́."

Inú mi dùn. Mo ní olùkọ́ yìí mà láàánú o. Àfi bí Ìyá Súnbọ̀ ṣe ti ẹyẹ tó rẹwà náà padà.

"Ẹ ṣé, ọ̀gá tíṣà. Èyí kì í ṣe tèmi."

"Màmá, ìwé ní..."

"Ẹ fi ìwé sílẹ̀ ná. Ojú ọmọ pẹ́pẹ́yẹ kì í tètè funfun, tèmi ò sì tíì pé oṣù márùn-ún. Ẹ ṣí ìyẹ́ ìdí wọn wò, níbi tí ìrù ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ẹ fẹ́ fún mi, funfun ló wà níbẹ̀. Tèmi dúdú."

Ọ̀gá Ṣókẹ́yẹ ṣí i. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó yẹ ìwé náà títí, ó wá rí i, lẹ́tà wínníwínní kan tó sọ ohun kan náà nísàlẹ̀ ojú ewé.

"Ọrùn wíwọ́ yẹn wá ńkọ́?" ni Bàbá bi í.

"Okùn ọdẹ ló há a lọ́rùn ní kékeré, ọkọ mi ló gé e. Awọ ibẹ̀ sún kì. Bó ṣe ń wẹ̀ nìyẹn, orí ní ẹ̀gbẹ́ kan, bíi pé ó ń tẹ́tí sí ọkọ mi."

Bàbá fi abẹ́rẹ́ mi ya ìyẹ́ ọrùn náà sọ́tọ̀. Àpá wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n jókòó wọ̀ọ̀. "Alihamdulilai. Mo rò pé ọwọ́ mi ló ti ń gbọ̀n ni, mo ti fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀."

Ìyá Súnbọ̀ gbé ẹyẹ rẹ̀ mọ́ra, ó súfèé sí i bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń súfèé. Mo sunkún, mi ò ní purọ́. Ọ̀gá Ṣókẹ́yẹ ṣí fìlà. "Màmá, ẹ má bínú. Ẹni tó rí pẹ́pẹ́yẹ lórí omi ni ká bi."

Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló di òwe. Àwọn àgbà máa ń pa á bí ẹni tó kà nípa nǹkan, tàbí tó kàn gbọ́ nípa rẹ̀, bá ń bá ẹni tó bá nǹkan ọ̀hún gbé jiyàn. Èmi náà pa á lọ́dún tó kọjá, níbi ìsìnkú ọkọ mi. Pásítọ̀ ka bébà, ó ní ọlọ́rọ̀ jẹ́jẹ́ ni, kò gbóhùn sókè rí. Ọkọ mi! Ẹni tí kì í wá bàtà kí gbogbo àdúgbò má gbọ́! Mo fẹnu sétí àkọ́bí mi, mo pa òwe náà fún un, a sì jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wa. Pásítọ̀ lè máa sin ọlọ́rọ̀ jẹ́jẹ́ tirẹ̀. Aláriwo yẹn ni mò ń wá nínú ilé láràárọ̀.