Igi Ólífì Ìdí Odi
Nígbà tí Róòmù ń fi ìlú kún ìlú, Kadúsì, ọ̀gágun wọn, dó ti Áríbà, ìlú kékeré orí òkè. Ó ní, "Ẹ ṣílẹ̀kùn, àbí kí n jókòó títí ebi yóò fi ṣí i fún mi." Oúnjẹ sì ti tán nílùú. Ni Fẹ́lía, opó ahunṣọ, bá kó ọmọ igi ólífì jáde, ó kúnlẹ̀ níwájú Kadúsì: "Olúwa mi, ẹ jẹ́ ká gbin ìwọ̀nyí sídìí odi." Ó ya Kadúsì lẹ́nu. "Igi tó jẹ́ pé àwọn ọmọ yín ni yóò jẹ èso rẹ̀?" Fẹ́lía ní, "A fẹ́ kó ti máa so kí àká wa tó gbẹ ni." Ọ̀gágun wo àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tí àárò ilé ń sọ, ó ní kí wọ́n tú àgọ́. Kí eruku wọn tó rọlẹ̀, gbogbo Áríbà ti ya wọ oko, wọ́n ń já ewéko jẹ.