Ìdí Tí Eruku Fi Dúró Lọ́nà Ìmọ́lẹ̀ Àkọ́kọ́

Eruku ni wọ́n rẹ́ jẹ, ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Nígbà láéláé ni, nígbà tí ojú ọ̀run ṣì mọ́ gaara, tí ohunkóhun kì í dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà.

Eruku ni ìyá gbogbo ìràwọ̀. Inú rẹ̀ tó tutù ni wọ́n ti ń sùn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gbóná díẹ̀díẹ̀ títí iná wọn yóò fi ràn. Àwọn ọmọ ń tàn, wọ́n lẹ́wà. Ìyá wọn ṣókùnkùn, kò sẹ́ni tó ń wò ó.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ìròyìn kàn pé Ìmọ́lẹ̀ Àkọ́kọ́ yóò gba àgbàlá wọn kọjá. Kò sí ìràwọ̀ tó tó o lọ́jọ́ orí. Ó dirun wẹ́wẹ́, ìtàn bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀ sì wà nínú ìlà irun náà. Ọ̀dọ̀ àwọn awòràwọ̀ lórí ilẹ̀ ayé ló ń gbé e lọ, kí wọ́n lè kà á.

Ni Dídán, àkọ́bí Eruku, bá gbé ọwọ̀.

“Màmá, ẹ bọ́ síta ná. Àlejò ńlá ń bọ̀.”

“Dídán, ta ló bí ọmọ tí ẹ fẹ́ sọ lórúkọ?”

“Ẹ̀yin ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ara yín, Màmá. Ẹ máa dójú tì wá.”

Àwọn àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná lu ìyá wọn, wọ́n gbá a síta, wọ́n wá jókòó ti oyin àti iyọ̀.

Eruku kò sunkún. Ó kó gbogbo hóró ara rẹ̀ jọ sójú ọ̀nà, ó ní kí wọ́n tò, kí gbogbo wọn tẹ̀ sí apá kan náà. Iná àwọn ọmọ tó lé e jáde ni wọ́n ń yá. Àwọn hóró náà ń tàn bàìbàì, ìmọ́lẹ̀ wọn sì tẹ̀ bí àwọn fúnra wọn ṣe tẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ Àkọ́kọ́ kọjá láàárín wọn. Ìmọ́lẹ̀ Eruku bá a rìn, wọ́n sì jọ dé ilẹ̀ ayé. Àwọn awòràwọ̀ rí ìlà tó tẹ̀, wọ́n rò pé ìlà irun Ìmọ́lẹ̀ Àkọ́kọ́ ni, inú wọn dùn, wọ́n kéde pé àwọn ti mọ bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n tún un wò ni wọ́n rí i pé ìlà Eruku ni àwọn ń kà.

Ìtìjú mú Dídán. Ó lọ bẹ ìyá rẹ̀ pé kó kúrò lọ́nà, nítorí iṣẹ́ àlejò ti bà jẹ́, àwọn ará ayé sì ń bú ilé wọn. Eruku kò kúrò.

Láti ọjọ́ náà ni ìmọ́lẹ̀ Eruku ti ń dàpọ̀ mọ́ ti Ìmọ́lẹ̀ Àkọ́kọ́. Awòràwọ̀ tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ ayé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ti Eruku, kó tú ìlà Eruku kúrò lára ti Ìmọ́lẹ̀ Àkọ́kọ́ ní fọ́nrán-fọ́nrán. Ọwọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ Dídán. Àwọn ọmọ ṣì ń tàn nínú ilé, wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn fún ìyá wọn, tó ṣì ń sọ lóde pé:

“Ẹ pè mí wọlé, kí n gbé ọmọ mi.”