Òkété Ta Irin Òṣùpá fún Àna Rẹ̀

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ta gìjà, ó fo ebè, ó fo poro, ó já sí ẹnu ihò Òkété. Ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, àlọ́ tòní kò ní ẹ̀rín púpọ̀ nínú.

Àgbẹ̀ paraku ni Òkété. Ọkọ́ rẹ̀ pọ̀, kò sì sí ọdún tí abà rẹ̀ kì í kún fún iṣu. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Àfè ló fẹ́ Àwẹ̀ró, oyún rẹ̀ sì ti hàn.

Lọ́jọ́ ọjà kan, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti ọ̀nà jíjìn dé, ó sọ àpò kalẹ̀, gbì! Irin ló wà níbẹ̀. Kì í ṣe wúrà, kì í ṣe fàdákà, kì í ṣe idẹ, kì í ṣe bàbà. Ó funfun, ó ń dán yinrin. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní irin òṣùpá ni. Ó ní wúrà ti di ohun tí gbogbo ayé ní, pé èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ní ni ọlọ́gbọ́n ń rà pa mọ́. Ó ní owó kọ́ lòun fẹ́ gbà, ọkọ́ ni: ọkọ́ kan, ègé irin kan.

Wọ́n bi í pé kí ni wọ́n ń fi irin náà ṣe. Ó ní wọn kì í fi í ṣe nǹkan kan. Wọ́n kàn ń tọ́jú rẹ̀ ni, iye rẹ̀ a sì máa lọ sókè. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀.

Òkété ra ègé kan. Nígbà tí ọjọ́ ọjà tún pé, Ọ̀yà fẹ́ fi ọkọ́ méjì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Orí Òkété wú. Bí wọ́n bá fi méjì bẹ̀ ẹ́ lónìí, mélòó ni wọn yóò fi bẹ̀ ẹ́ lọ́la? Kò tà. Ó sáré lọ sílé, kìtìkìtì, ó kó gbogbo ọkọ́ rẹ̀, ó fi ra irin òṣùpá sí i, ó sì rì í mọ́lẹ̀. Láràárọ̀ ni yóò hú u wò, tí yóò máa kọrin. Ẹ gbè é:

Kí ni mo rà lọ́jà?
— Dídán ni!
Kí ni mo rì mọ́lẹ̀?
— Dídán ni!
Kí ni yóò sọ mí dọlọ́rọ̀?
— Dídán ni, dídán ni, òṣùpá mi!

Nígbà tó yá, a kò rí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lọ́jà mọ́. Ó ti kó ọkọ́ wọn lọ ráúráú. Òjò sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Òkété gbé irin lọ sọ́jà kó lè fi gba ọkọ́ padà. Ó bá Ọ̀yà níbẹ̀, irin òṣùpá ni Ọ̀yà náà gbé kalẹ̀. Ó bá Ọ̀kẹ́rẹ́, bákan náà ni. Gbogbo wọn ló ń tà, kò sẹ́ni tó ń rà. Ó wá gbé ègé kan lọ fún alágbẹ̀dẹ pé kó bá òun fi rọ ọkọ́. Bí iná ti kàn án báyìí, ó yọ́ bí òrí, ó ṣàn wọ inú eérú ṣọ̀rọ̀rọ̀. Alágbẹ̀dẹ ní kó máa fi ìyókù wo ojú ara rẹ̀.

Ká ní ó mọ níbẹ̀ ni, n kò ní bínú sí Òkété. Ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ, ojú àánú là ń fi í wò. Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló ń bí mi nínú.

Abúlé Àfè jìnnà, kò gbọ́ nǹkan kan nípa irin yìí. Bí àṣà ti wí, òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ kó gbogbo ọkọ́ ilé wọn, wọ́n wá ṣe ọ̀wẹ̀ fún baba ìyàwó. Wọ́n kọ ebè fún un títí ilẹ̀ fi tán. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Òkété pe Àfè sí kọ̀rọ̀, ó gbé irin òṣùpá kalẹ̀, ó ní kó kó o lọ, kó fi ọkọ́ sílẹ̀ fún òun.

Àfè dọ̀bálẹ̀. Ó wù ú kó béèrè ìwúlò rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ní í bá àna rẹ̀ nájà?

"Baba, òjò ti ṣú," ni ó wí. "Àwa náà kò tíì kọ ebè tiwa."

"Mo fún ọ lọ́mọ," Òkété dáhùn. "Ẹni tó fúnni lọ́mọ ló parí oore. Ṣé èmi ni n ó wá fún ọ ní ohun tí kò dára?"

Ọ̀rọ̀ bùṣe. Àfè ru dídán lọ sílé.

Òjò dé, wììì. Òkété gbin iṣu, ó ta, ó gbó. Nílé Àfè, igi àti èékánná ni wọ́n fi ń halẹ̀. Koríko borí wọn. Ẹ gbè é:

Ọkọ́ wa dà o?
— Dídán ni!
Iṣu wa dà o?
— Dídán ni!
Kí lọmọ yóò jẹ dàgbà?
— Dídán ni, dídán ni, òṣùpá mi.

Òkété gbọ́ pé Àwẹ̀ró ti bímọ. Ó di ẹrù iṣu tuntun, ó lọ wo ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, kò gbọ́ ẹkún ìkókó. Àwẹ̀ró jókòó síta, ó káwọ́ lérí.

"Ebi ló gbẹ ọmú mi, Baba, ọmọ kò rí mu," ni ó wí. "Ọkọ mi ní kí n má bínú sí yín, pé ẹ ò mọ̀ ni." Ó gbójú sókè. "Ṣé ẹ ò mọ̀ ni lóòótọ́?"

Kò sẹ́ni tó bá Òkété sọ ẹrù. Ó ru iṣu rẹ̀ padà.

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òkété tiwa dàgbà. Eyín rẹ̀ ká, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dóko mọ́. Ó jókòó sẹ́nu ihò, ó ń wo ọ̀nà abúlé Àfè láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwẹ̀ró kò wá.

Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ àlọ́ mi dúró sí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ọbẹ̀ alẹ́ yìí má dùn lẹ́nu mi.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé, ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí ẹ kò bá mọ ìwúlò rẹ̀, ẹ má fi irinṣẹ́ ọwọ́ yín rà á. Bí wọ́n bá sì rẹ́ yín jẹ, ẹ jẹ́ kí ìrẹ́jẹ náà kú sọ́wọ́ yín. Ẹ má gbé e fún ẹni tó fọkàn tán yín.