Ìdílé Inú Òjòlá

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí. Bí mo bá fi ẹyọ irọ́ kan lé e, kí n rìn títí kí n má rí ilé tí wọn yóò ti fún mi lómi mu. Ìlú Ìdí-Òsè ló ti ṣẹlẹ̀, sí ìdílé eléré kan tí kò ní ilé méjì ju ojú ọ̀nà lọ.

Ọ̀jẹ̀dòkun ni bàbá wọn, Awẹ́ró ni ìyá wọn. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí: Ọ̀jẹ̀rónkẹ́, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, Ọ̀jẹ̀yẹmí, ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àti Àkànní, tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Kò sí èyí tó mọ ọjọ́ tí òun bẹ̀rẹ̀ eré nínú wọn. Èjìká bàbá wọn ni wọ́n ti kọ́kọ́ wo ayé. Kí wọ́n tó mọ iye ìka ọwọ́ wọn, wọ́n ti ń ta òkìtì. Ìdílé mìíràn wà tó jẹ́ pé òrùlé nìkan ló so wọ́n pọ̀. Àwọn wọ̀nyí kò ní òrùlé, síbẹ̀ abẹ́rẹ́ kò ráyè gba àárín wọn kọjá.

Eré òjòlá ni wọ́n fi lókìkí. Aṣọ kíjìpá gígùn ni ara ejò náà, tí Awẹ́ró fi osùn àti aró ya ìpẹ́ sí. Igi gbígbẹ́ ni orí rẹ̀. Bàbá á gbé orí, àwọn ọmọ á tò sẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ, oníkálukú á di ìbàdí ẹni iwájú rẹ̀ mú. Ẹni tó gbé orí nìkan ló ń ríran, láti ẹnu ejò. Awẹ́ró á wà níta, á máa lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, á máa lé orin. Wọ́n ní òfin kan: bí ejò bá kọsẹ̀, Àkànní tó wà ní ìrù á fi ìka tẹ Yẹmí, Yẹmí á tẹ Rónkẹ́, Rónkẹ́ á tẹ bàbá. Ìgbà tí ìka bá dé iwájú ni ejò tó lè gbéra.

Ọdún mẹ́fà gbáko ni Rónkẹ́ fi wo ẹ̀yìn bàbá rẹ̀. Ó mọ àpá tó wà níbẹ̀, ó mọ ọ̀nà tí òógùn ń gbà sọ̀kalẹ̀. Ó ti sú u. Orí ejò ló ń wù ú, òun náà fẹ́ rí àwọn tí ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ìgbàkígbà tó bá bèèrè, bàbá rẹ̀ á ní ó ku díẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn orúnkún Ọ̀jẹ̀dòkun bẹ̀rẹ̀ sí wú, nígbà tí wọ́n sì dé Ìdí-Òsè fún eré ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ó ní kí ó gbé e wò. Bí ó bá gbé e re, tirẹ̀ ni.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni Yẹmí wí, “orí ejò yẹn wúwo ju tiyín lọ o. Ṣé ọrùn yín á gbà á?”

“Tìrẹ tó fúyẹ́,” ni Rónkẹ́ dá a lóhùn, “kí lo ti ń fi ṣe?”

Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó gbé e re. Ejò náà ń gbọ́ òórùn etí aṣọ àwọn èèyàn, àwọn arúgbó ń ká ẹsẹ̀ kò. Àfi ìgbà tó fi ẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò igi òsè, ó sì ṣubú lulẹ̀. Láti ẹnu ejò, Rónkẹ́ wo iwájú. Ó rí èrò tó lanu rẹ́rìn-ín, ó rí bàbá rẹ̀ tó fi ara ti ọ̀pá lẹ́yìn wọn. Ó ń retí kí bàbá wá gbé òun. Bàbá kò mira. Bí ìtìjú ṣe gbá a dìde nìyẹn, kò dúró de ìka kankan, ó fò sókè, ó sì ń sáré lọ. Àwọn èèyàn hó yèè. Inú rẹ̀ dùn.

Nígbà tí wọ́n bọ́ aṣọ, ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún Àkànní ti bó. Ó wà nílẹ̀ nígbà tí ejò gbéra, wọ́n sì wọ́ ọ yí gbogbo agbo po. Ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló dé tí kò ké.

“Ejò kì í ké, ìyá mi,” ni ọmọ náà wí, ó sì nu imú.

Ọ̀jẹ̀dòkun kò bá Rónkẹ́ wí. Ó kàn gba orí ejò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun ni yóò gbé e lọ́la. Ìbá na ọmọ náà, ìbá sàn fún un.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá gbé orí. Àkànní kọ̀ láti jókòó. Ó fi òrí pa ìgbọ̀nwọ́, ó padà sí ìrù rẹ̀. Ejò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé iwájú Baálẹ̀ láti júbà ni orúnkún Ọ̀jẹ̀dòkun yẹ̀, tó sì lulẹ̀ gbì. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ dìde, ó na ọwọ́ sí ẹnu ejò. Baálẹ̀ kò na ọwọ́ sí eléré rí.

Nínú òkùnkùn aṣọ, Rónkẹ́ ń dúró kí ẹ̀yìn tó mọ̀ náà gbéra. Ẹ̀yìn kò gbéra. Ṣe ló yí padà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún mẹ́fà, ó rí ojú bàbá rẹ̀ nínú ejò. Ìrora ti fún ojú náà pọ̀, síbẹ̀ kì í ṣe orúnkún ló ń wò. Ó wo Rónkẹ́, ó wo Yẹmí, ó nawọ́ títí ó fi kan Àkànní.

“Ṣé ẹ pé?” ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Àkànní tẹ Yẹmí, Yẹmí tẹ Rónkẹ́, Rónkẹ́ fi ìka tẹ ọwọ́ bàbá. Ìgbà náà ló yíjú síwájú, tó sì dìde. Lójú àwọn ará ìta, ejò ṣẹ́rí padà wo ìrù ara rẹ̀ kó tó gbéra. Ariwo ayọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọn ewé igi sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n inú Baálẹ̀ kò dùn. Lẹ́yìn eré ó ránṣẹ́ pè wọ́n, àwọn ìjòyè sì ti ń sọ pé kí eléré aláfojúdi kó ẹrù rẹ̀.

“O fi ọwọ́ mi sílẹ̀ lófuurufú,” ni Baálẹ̀ wí. “Kí lo ń wá lẹ́yìn tó ju ọwọ́ mi lọ?”

Ọ̀jẹ̀dòkun dọ̀bálẹ̀ tòun ti orúnkún wíwú. Rónkẹ́ ló kúnlẹ̀, tó sì dá Baálẹ̀ lóhùn.

“Ẹ dákun, Baálẹ̀. Èmi náà ṣubú lánàá, ẹni tí yóò gbé mi ni mò ń wá. Ara àbúrò mi ló bó. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.”

Baálẹ̀ wo ìgbọ̀nwọ́ Àkànní, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò níbẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ náà gan-an fa Ọ̀jẹ̀dòkun dìde. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá fúnra rẹ̀ ló gbé orí ejò lé Rónkẹ́ lọ́wọ́, ó sì lọ jókòó sáàárín èrò.

Ẹnu Rónkẹ́ ni wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ náà. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe títí dòní pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.