Ìdí Tí Patanmọ́ Fi Ń Pa Ewé Rẹ̀ Dé

Nígbà láéláé, nígbà tí gbogbo ewé ń ṣí tí wọ́n sì ń padé bí ìpéǹpéjú, ìlú kan wà létí odò tí ó jẹ́ ti igi àti ewéko. Níbẹ̀ ni Patanmọ́ ń gbé. Kò tíì gba orúkọ yìí nígbà náà, ṣùgbọ́n èyí tí ó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ ti sọnù. Nítorí náà, Patanmọ́ náà ni a ó máa pè é.

Ìdí Àràbà ni Patanmọ́ bí àwọn ọmọ rẹ̀ sí. Àràbà ni olórí ìlú. Ó ga, ó fẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ sì dínà oòrùn mọ́ àwọn tí ń bẹ nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ Patanmọ́ ń ṣá, wọ́n ń rọ.

Àṣà ìlú náà ni pé bí ọdún bá yípo, wọn a yan olórí. Wọn a dárúkọ ẹni tí ń du oyè. Ewéko tí ó bá fẹ́ ẹ a ṣí ewé rẹ̀. Èyí tí kò bá fẹ́ ẹ a pa tirẹ̀ dé. Afẹ́fẹ́ ni oníkà wọn, nítorí òun nìkan ni ó lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Òun a fọwọ́ kan ewé tí ó bá ṣí, a kà á, a sì gun òkè lọ kéde ẹni tí ó wọlé.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní òun náà yóò du oyè. Ewé Ọ̀gẹ̀dẹ̀ fẹ̀, ṣùgbọ́n ó ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ, oòrùn a sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Patanmọ́ gbọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó bẹ Ewúro, ó bẹ Tẹ̀tẹ̀, ó bẹ Gbúre pé kí wọ́n ṣí ewé fún Ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Gbúre rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni ewé wẹ́wẹ́ tiwa yìí fẹ́ fi Àràbà ṣe?"

Patanmọ́ dá a lóhùn pé, "Àbúrò mi, ọ̀kan ṣoṣo ni Àràbà. Àwa ni a pọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n létí. Nígbà tí a dárúkọ Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé ṣí káàkiri ìlú lọ rẹrẹ. Patanmọ́ ṣí tirẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Afẹ́fẹ́ fọwọ́ kàn án, ó ní, "Mo ti rí ọ, ìyá àwọn ọmọ." Nígbà tí a dárúkọ Àràbà, àwọn Àfòmọ́ tí ń jẹ lára rẹ̀ nìkan ni ó ṣí.

Afẹ́fẹ́ gun òkè lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ó ní Àràbà ni ó wọlé.

Patanmọ́ ní kí a tún un kà. Afẹ́fẹ́ ní ibi tí òun bá ti fẹ́ kọjá, òun kì í padà síbẹ̀. Bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ ni gbogbo wọn rí i tí ẹ̀gbọ̀n òwú Àràbà kún ọwọ́ rẹ̀ fọ́fọ́, tí ó ń fi í ṣeré. Kò sí ẹni tí ó tún bi í léèrè ohun tí ó pẹ́ ṣe lókè.

Kí ọdún tó yípo, èyí tí ó pọ̀ nínú àwọn ọmọ Patanmọ́ ti kú. Ó kó ìyókù, ó ń fi àyà wọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé etí ọ̀nà, níbi tí òjìji Àràbà kò dé.

Ọdún pé, Afẹ́fẹ́ tún dé. Àwọn yòókù ti ṣí ewé wọn dè é kí a tó dárúkọ. Bí ó ti fọwọ́ kan Patanmọ́, Patanmọ́ pa tirẹ̀ dé.

Afẹ́fẹ́ ní, "Ìyá, a ò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Patanmọ́ ní, "Mo mọ̀, baba. Mo ti ṣí i fún yín rí. Èmi lẹ fọwọ́ kàn, ẹlòmíràn lẹ kà."

Gbúre bẹ̀ ẹ́ pé bí àwọn bá pa á dé, Àràbà yóò jẹ oyè náà kánrin kése. Patanmọ́ mọ̀ pé òótọ́ ni, ó sì dùn ún. Ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Bí ọwọ́ bá ti kàn án, yóò padé. Àwọn ewé yòókù ní tiwọn ń ṣí fún oníkà lọ́dọọdún, títí wọ́n fi gbàgbé bí a ti ń pa á dé.

Láti ọjọ́ náà ni Patanmọ́ ti ń fà nílẹ̀ létí ọ̀nà, tí ó sì ń pa ewé rẹ̀ dé fún ohunkóhun tí ó bá kàn án, ìbáà ṣe ọmọdé, ìbáà ṣe ewúrẹ́, ìbáà ṣe Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú ọwọ́ kúrò, tí ẹ dúró jẹ́ẹ́, ẹ ó rí i tí yóò rọra tún un ṣí. Kì í ṣe oníkà ni ó ń ṣí i fún. Oòrùn ni.