Epìyà, Ìyálé Inú Dígí

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi lúwẹ̀ẹ́ títí, ó lọ forí gbá dígí ilé Ìbídùn.

"Ìjàpá ńkọ́, Bàbá?" Ṣíjúadé ló béèrè.

"Ìjàpá wà nílé àna rẹ̀. Ó ní kí ẹ máa bá àlọ́ lọ, kí ẹ má dúró de òun."

Ní ìgbà kan rí, obìnrin kan wà ní ìlú kan létí odò, Ìbídùn lorúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú, ogún kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún un: àpótí dígí kan tó fẹ̀ tó yàrá, omi kún inú rẹ̀, Epìyà kan ṣoṣo ló ń gbébẹ̀. Ẹ má bi mí léèrè ibi tí wọ́n ti rí dígí láyé ijọ́un. Wọ́n rí i.

Epìyà yìí kì í ṣe ẹja ọbẹ̀. Ara rẹ̀ ń tàn bí aró tí wọ́n gbé fìtílà sí nídìí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ìmọ́lẹ̀ aró náà á yọ́ gba ojú fèrèsé jáde, á máa rìn láti ojúlé dé ojúlé, ẹni tó bá sì bá lójú oorun, onítọ̀hún á lá àlá. Ibẹ̀ ni gbogbo ìlú ti ń rí àlá lá. Ibẹ̀ náà ni Ìbídùn ti ń rí ìyá rẹ̀. Lálaalẹ́, ìyá á wá, á jókòó sétí ẹní, á máa bá a wí.

"Ó kàn ń bá a wí ṣáá?" Ìṣọ̀lá ní.

"Ìyá rẹ̀ ni. Kí lo fẹ́ kó ṣe?"

Nígbà tó yá, Epìyà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, kò rí ẹni bá jà. Àwọ̀ aró di àwọ̀ eérú. Àlá ìlú gbẹ. Àwọn ènìyàn ń sùn bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀. Òru mẹ́tàdínlógún ni Ìbídùn fi nà sórí ẹní tí kò rí ìyá rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí ìmọ́lẹ̀ yẹn bá kú pátá, ìyá òun kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Ó ní, "Ẹni tí yóò máa bá a gbé ni n ó wá."

Ó mú ogún ẹja ṣàwá wá, wẹ́wẹ́, wọ́n ń dán bíi fàdákà. Ìbídùn gbẹ̀kọ́ nílé, kò jẹ́ da àlejò sínú omi láìfi í han onílé. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, ó ní, "Ìyálé, ẹ gba àwọn àbúrò yín o."

Epìyà rọra yí po, ó dárin. Ẹ bá mi gbè é:

*Ta ló wọlé mi láìkúnlẹ̀?*
Wẹ́ńdẹ́-wẹndẹ.
*Èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé,*
Wẹ́ńdẹ́-wẹndẹ.
*Omi yìí, tèmi ni,*
Wẹ́ńdẹ́-wẹndẹ.
*Òkúta yìí, tèmi ni,*
Wẹ́ńdẹ́-wẹndẹ.

Ilẹ̀ mọ́. Kò sí ṣàwá kankan ńbẹ̀. Ikùn Epìyà yọ.

"Ìyálé, àwọn àbúrò yín dà?"

"Wọ́n rìnrìn àjò. Wọ́n ní kí n kí ọ."

Ìbídùn tún mú ẹja kan wá tí lẹbẹ rẹ̀ gùn, tó ń wọ́ tẹ̀lé e bí aṣọ ọba. Ó kúnlẹ̀. "Ìyálé, ẹ gba àbúrò yín." Epìyà dárin. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, aṣọ ti tán lára àlejò, ó rí roboto bíi ṣíbí. Ìbídùn sáré yọ ọ́.

"Ìyálé, kí ló dé?"

"Aṣọ yẹn ń dí mi lójú."

Ìbídùn rò ó pé bóyá ìbátan ni yóò tù ú lára. Ó mú Epìyà mìíràn wá, ojú kan, àwọ̀ kan. Ó tún kúnlẹ̀. Àwọn méjèèjì gbá ètè ara wọn mú láti àárọ̀ dé ọ̀sán, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ tú u sílẹ̀. Ìbídùn ló là wọ́n, ó sì yọ àlejò kúrò.

"Ìyálé, ó mà jọ yín."

"Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn."

Ni Ìbídùn bá lọ bá ẹja Àrọ̀ létí odò. Ó bá a níbi tó ti ń to irùngbọ̀n rẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá."

"O ṣeun, ọmọ mi. Mo gbọ́ pé o fi ogún ọmọ ọlọ́mọ se oúnjẹ àárọ̀."

Ìbídùn dorí kodò.

Àrọ̀ ní, "Bí èèyàn bá fẹ́ fọ́mọ fọ́kọ, kì í ṣèwádìí ni? Ẹni tó bá lè wọ ẹnu Epìyà, má mú un lọ. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá ṣeé fà ya, má mú un lọ. Ẹni tó bá jọ ọ́, má tilẹ̀ dán an wò. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí ibùsùn rẹ̀ sì yàtọ̀, ni kó o wá. Èmi, ìsàlẹ̀ ni mò ń gbé. Mo gbé òkè rí, orí ń fọ́ mi. Òbòkún ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀gún lẹ́yìn. Ẹni tó bá bù ú jẹ á jókòó ronú."

"Ṣé ẹ máa wá?"

"A ó wá. Ṣùgbọ́n a ò ní kúnlẹ̀ fún un."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ń bá Ìbídùn rìn bọ̀ nílé. Ó rántí ìyálé tirẹ̀, Olúdùntán. Ọdún márùn-ún ni Ìbídùn fi ju Olúdùntán lọ, ṣùgbọ́n Olúdùntán ló kọ́kọ́ wọlé ọkọ, torí náà títí dọjọ́ yẹn, Ìbídùn ló ń kúnlẹ̀ kí i. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni àgbà, ìbáà jẹ́ àná ni wọ́n bí i.

Ìbídùn dúró lójú ọ̀nà. "Èmi náà ni mo fi Epìyà joyè," ó ní.

Nígbà tó délé, ó fi agbada ńlá tí omi wà nínú rẹ̀ gbé Epìyà jáde. Ó yí gbogbo òkúta inú dígí padà: tòkè lọ sísàlẹ̀, tọ̀tún lọ sósì. Ó ní kí Àrọ̀ àti Òbòkún wọlé. Wọ́n sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ méjì, wọ́n mọ igun wọn. Lẹ́yìn náà ló dá Epìyà padà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kúnlẹ̀. Ó kàn di ọwọ́ mẹ́yìn.

Epìyà wá òkúta rẹ̀, kò rí i. Ó wá igun rẹ̀, Àrọ̀ ló sùn síbẹ̀. Àrọ̀ la ojú kan.

"Káàbọ̀, ìyàwó. Ṣé ọ̀nà dáa?"

Epìyà la ẹnu, orin kò jáde. Ó wò yíká. Ó rọra tẹ orúnkún.

"Bàbá, ẹja ní orúnkún?"

"Lọ́jọ́ yẹn, Ṣíjúadé, ó ní."

"Ẹ kúulé, ẹ̀yin àgbà," Epìyà ní. "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n máa sùn?"

Òbòkún ní, "Àárín ṣófo."

Epìyà kò fi ìjà sílẹ̀ o. Bó bá di ọjọ́ mélòó kan, á lé Òbòkún yí òkúta po, Òbòkún náà á sì lé e padà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò fara pa, ẹnikẹ́ni kò sì rìnrìn àjò. Díẹ̀díẹ̀, eérú ń ṣí kúrò lára rẹ̀, aró ń padà. Ní alẹ́ ọjọ́ keje, ìmọ́lẹ̀ yọ́ gba ojú fèrèsé, ó rìn kọjá lórí òrùlé, ó rìn kọjá lórí àwọn ewúrẹ́ tó sùn, àwọn ewúrẹ́ pàápàá lá àlá.

Ìyá Ìbídùn wá. Ó jókòó sétí ẹní. Ìbídùn ń retí kó súre fún òun. Ìyá wò ó, ó wò ó pẹ́.

"Ìbídùn," ó ní, "ìgbà wo lo pààrọ̀ omi ẹja yẹn gbẹ̀yìn?"

Ìbídùn sunkún lójú oorun, inú rẹ̀ dùn.

Ohun tí àlọ́ yìí kọ́ wa ni pé ká tó fi ẹni méjì sínú ilé kan, ká kọ́kọ́ wo bí ẹnu wọn ṣe tóbi tó. Ẹni tí ẹ bá sì ń kúnlẹ̀ fún lójoojúmọ́, ẹ má bú u pé ó ń ṣe bí onílé.

Ibí ni mo ti fa àlọ́ mi jáde nínú omi. Bí mo bá parọ́, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi má dún bí mo bá gbá a.

Bàbá gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó dún lẹ́ẹ̀méjì.

"Ẹ̀kẹta ti lọ sùn," ó ní. "Ẹ̀yin náà, ó yá."