Àwẹ̀ró Olókùúta Aró àti Òòrẹ̀ Inú Òkè

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi. Ààlọ́ mi gba ẹ̀gbẹ́ òkè lọ, ó wọ inú ihò, ó bá obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àwẹ̀ró.

Ní ayé àtijọ́, Àwẹ̀ró fẹ́ràn òkúta. Kì í ṣe òkúta lásán. Òkúta aláwọ̀ aró ni, tó mọ́ gaara bí omi òwúrọ̀, tó ní igun mímú bí ẹni pé wọ́n fọ̀bẹ gé e, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ènìyàn kò kàn án rí. Kì í fi òòlù lù wọ́n, kí wọ́n má baà fọ́. Á fi igi tínínrín tú ilẹ̀ ìdí wọn, á fọ̀ wọ́n lódò, á tò wọ́n sórí òwú nínú igbá. Ọdẹ ni Ògúnrìndé ọkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Àwẹ̀ró wọ ihò lọ. Ó rí òkúta aró kan tó tóbi tó ìkúùkù. Bó ṣe tú u tán, ẹ̀gbẹ́ òkè ya. Àpáta dí ẹnu ihò. Ó tì í, kò mì. Ó tún tì í, kò mì. Ó tì í lẹ́ẹ̀kẹta, apá rẹ̀ rọ. Ó bá ń kọrin:

Ta ni ń bẹ nínú òkè o?
*Wàlẹ̀ kẹ̀rẹ̀.*
Ẹ bá mi wa ọ̀nà síta.
*Wàlẹ̀ kẹ̀rẹ̀.*
Ọkọ mi ń retí mi nílé.
*Wàlẹ̀ kẹ̀rẹ̀.*

Òòrẹ̀, ẹranko ẹlẹ́gùn-ún, gbọ́ orin náà nínú ihò tirẹ̀. Ó béèrè ẹni tó ń kọrin. Àwẹ̀ró ní òun ni, ìyàwó Ògúnrìndé.

Òòrẹ̀ ní, "Ọkọ rẹ ló pa ìyá mi."

Àwẹ̀ró ní, "Òótọ́ ni. Mo jẹ nínú ẹran náà."

Òòrẹ̀ ní, "O kò purọ́ fún mi." Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀. Ó wà á, ó wà á, ó wà á, èékánná rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, títí ìmọ́lẹ̀ fi wọlé.

Ògúnrìndé ti wá ìyàwó rẹ̀ dé ibẹ̀. Bó ṣe rí orí òòrẹ̀ tó yọ láti inú ilẹ̀, ó gbé àdá sókè. Ó gbọ́ ohùn Àwẹ̀ró lẹ́yìn òòrẹ̀ náà nínú ihò: "Baálé mi, má pa á. Òun ló yọ mí."

Àdá bọ́ lọ́wọ́ ọdẹ. Ó fa ìyàwó rẹ̀ jáde, ó dì mọ́ ọn, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún òòrẹ̀.

Àwẹ̀ró na òkúta aró náà sí i. Òòrẹ̀ ní òun kì í jẹ òkúta. Kí àwọn ọmọ òun ṣáà lè máa jáde jẹun láìsá fún ẹnikẹ́ni. Ògúnrìndé gbà.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni nínú ilé wọn kò jẹ òòrẹ̀ mọ́. Bí iṣu tuntun bá jáde, ẹnu ihò ni wọ́n ń gbé àkọ́kọ́ lọ. Àwẹ̀ró á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ ṣé o," á sì bá ọkọ rẹ̀ padà sílé.

Ẹ̀yin ọmọ, ààlọ́ yìí kọ́ wa pé ká máa fi ìwà dúpẹ́ oore, kó má mọ sí ẹnu nìkan.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ẹrù ààlọ́ mi kalẹ̀.